Awakọ̀ Tí Kò Wo Òkun Rí

Kò sí ẹrù tí ọkùnrin yìí ò gbé gba ọ̀nà etíkun náà rí: bíríkì, irin, pákó, àní ẹja inú yìnyín pàápàá. Lọ́rì rẹ̀ a máa gun òkè bí aláboyún tó ń gun àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Apá kan òkè, apá kan òkun, títì tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Síbẹ̀, kò wo òkun yẹn rí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi páálí bo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ òkun, ó ní, "Ojú tó bá yà wo omi, omi ni yóò bá a sùn." Òun náà ò ṣí páálí ọ̀hún títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní àlọ, páálí ni; ní àbọ̀, òkùnkùn òru ni. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Ọ̀nà-là-ń-wò.

Ọ̀rọ̀ yìí dun ọmọ rẹ̀ obìnrin. Nígbà tó ra mọ́tò kékeré, ó ní dandan ni kí bàbá òun rí ohun tó ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ látọjọ́ yìí. Wọ́n gbéra láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan: ọmọ nídìí sítíárìn, bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyá àti ọmọ-ọmọ lẹ́yìn.

Wọn ò tíì gun òkè dé ìdajì tí ẹsẹ̀ bàbá ti ń tẹ ilẹ̀ mọ́tò gbì, gbì.

"Bàbá àgbà," ọmọ-ọmọ ní, "kò mà sí búréèkì níbẹ̀ o!"

"Jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́," ìyá dáhùn. "Lójú oorun pàápàá, ẹsẹ̀ mi ni búréèkì wọn."

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu wọn tí wọ́n fi dé kọ́nà kan tó lọ́ bí ìwo àgbò. Kí ọmọ tó yí sítíárìn, bàbá ti nawọ́ fà á. Mọ́tò ta gìrì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ forí sọ àpáta. Ọmọ tẹ búréèkì.

Ó rọra wa mọ́tò sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó pa á.

"Bàbá mi, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni?"

"Mo fẹ́ gbà wá ni."

"Lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ èmi?" Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. "Bí ẹ ò bá lè fọkàn tán mi, ẹ jẹ́ á padà sílé. Mi ò lè máa bá yín du sítíárìn lórí òkè."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó bá olè nínú yàrá. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá padà lónìí, ọmọ yìí ò ní pe òun jáde mọ́.

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kò sí sítíárìn níbí, àfi ọwọ́ mi. Ẹ di ìyẹn mú."

Bàbá sọ̀kalẹ̀. Kó tó wọ ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé ọmọ rẹ̀. "Má bínú, ìyá mi. Ọwọ́ mi ò tíì mọ̀ pé a ti fẹ̀yìn tì."

Mọ́tò gbéra. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, bàbá dijú pa, ó fún ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ títí ìyẹn fi ké yéè. Ọmọ gba kọ́nà náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń yí ìkókó tó sùn padà. Ní kọ́nà kejì, bàbá la ojú kan. Nígbà tó máa fi la ìkejì, òkun ti tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ó ń dán bí abọ́ tuntun, ìgbì ń fọ́ funfun lẹ́sẹ̀ àpáta, òkè sì ń tẹ̀lé òkè títí ó fi dà bí èéfín.

"Erékùṣù kékeré wo nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ìgbà wo ló débẹ̀?"

"Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí yín, olówó orí mi."

Níbi tí ọ̀nà ti nà tààrà, lọ́rì kan ń wọ́ níwájú wọn. "Bàbá mi," ọmọ ní, "ṣé kí n yà á sílẹ̀?"

"Ìwọ lo ń wakọ̀," bàbá dáhùn, iwájú orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. "Má dí mi lọ́wọ́. Àwọn ẹyẹ kan ń bà lé omi níbí."