Gàrí Tí A Gbé Lọ sí Òkè Ọya Lásìkò Òjò

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlaró, bí bàbá mi bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, irọ́ ni o, òótọ́ ni o. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé òjò kì í rọ̀ ní Òkè Ọya. Wọn ò dé ibẹ̀ rí. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Ngúrù, bá ọkọ lọ sí Ngúrù, ní Òkè Ọya. Wọ́n ránṣẹ́ títí pé ká fi gàrí ilé ránṣẹ́ sáwọn, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ni wọ́n bá bínú, wọ́n ní àwọn ò ní fẹsẹ̀ tẹ Ìlaró mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà wa ti dùbúlẹ̀ àìsàn, orúkọ ọmọbìnrin wọn yìí nìkan ni wọ́n ń pè. Bàbá mi ní àwọn á gbé àpò gàrí kan lọ bẹ̀bẹ̀, kí èmi náà sì tẹ̀ lé àwọn, torí ojú mi ṣeé káàánú.

Oṣù kẹjọ ni. Àwọn lọ́rì tó kó ẹ̀wà wá láti Òkè Ọya kì í rí obì kó padà lásìkò yẹn, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi ń gbé èèyàn. Màmá mi ní, "Bàbá Bísí, ẹ mú tapólì dání o, kí ẹ fi bo gàrí." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Òjò wo ló fẹ́ rọ̀ ní Òkè Ọya?"

A jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ òfìfo, à ń jẹ àgbàdo sísè. Bí a ṣe kọjá odò Ọya báyìí, ni òjò bá dé. Háà! Òjò tó ń na èèyàn. Gbogbo èrò ń wo bàbá mi. Bàbá mi ní, "Ìrì lásán ni." Mo bú sẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá fún mi ní ìkó lórí.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi wà lọ́nà. Lọ́rì rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sọ̀ kalẹ̀, a tì í. Gàrí mumi, ó wú, ó ya àpò, ó wá ń rùn.

Màmá Ngúrù dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò dáhùn ìkíni wa. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Màmá ń pè yín." Màmá Ngúrù tú àpò wò.

"Kí lèyí?"

"Gàrí ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Làmídì! O wá tẹ ẹ̀bà láti Ìlaró gbé wá bá mi? Ta ló sọ fún ẹ pé òjò kì í rọ̀ níbí?"

Èmi ni mo yára nawọ́ sí bàbá mi. Màmá Ngúrù rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín di ẹkún. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ra tapólì, wọ́n sì bá wa wọ lọ́rì padà. Ìyá àgbà ṣì wà láàyè nígbà tí a dé. Wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọn ò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi kú ní ọjọ́ kẹta.

Lóde òní, fóònù ló ń sọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀ fúnni. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Kàdúná, síbẹ̀ a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo wò ó láàárọ̀ yìí, ó ní òjò ńlá máa rọ̀ ní Kàdúná lọ́la. Mo ti di gàrí sápò. Mi ò ra tapólì.