Ìlà Pupa Tí Onílé Wa Ní Kí N Pa Rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, torí bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, inú mi á bẹ́! Ọ̀rọ̀ èmi àti onílé wa ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Ó pọ̀ lóòótọ́, mo gbà!

Ìgàndó là ń gbé, èmi àti màámi, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àdúgbò ti parí sétí kánáàlì. Àbàtà wà lápá kan, kánáàlì wà lápá kejì. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, omi á yí wa po, àdúgbò wa á di erékùṣù. Àwọn ará òkè lọ́nà Ìkòtún á máa bá ọjà wọn lọ, àwa á wà lórí tábìlì bí adìyẹ. Màámi ní kò rí báyìí nígbà tí àwọn kó débẹ̀. Wọ́n ní òjò ní àkókò tirẹ̀ nígbà yẹn. Ní báyìí tí ojú ọjọ́ ti dàrú, òjò oṣù kan lè rọ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo.

Lọ́dún tó kọjá, omi wọlé nígbà tí mi ò sí nílé. Màámi nìkan ló wà níbẹ̀, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Àwọn aládùúgbò ló gbé wọn gba ojú fèrèsé jáde. Ojú fèrèsé o! Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé omi ò ní bá wa lójijì mọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Kúnlé, tá a jọ kọ́ iṣẹ́ iná nílé ìwé, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ kan. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣé ẹ mọ sẹ́ńsọ̀ tó máa ń dún "píì-píì" lẹ́yìn mọ́tò tí dírẹ́bà bá ń rìfáàsì? A ra àlòkù rẹ̀, a so ó mọ́ síìmù àti ṣólà kékeré, a dojú rẹ̀ kọ omi. Tí kánáàlì bá ti ń kún, ẹ̀rọ yẹn á fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹni tó bá fún wa ní nọ́ńbà. Ó wá ku ibi tá a máa gbé e kọ́ sí. Ìyá Ìjọ, àgbà obìnrin tó ń darí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà létí kánáàlì gan-an, ló ní ká wá kàn án mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Wọ́n ní kí Olúwa fi òróró sí ọpọlọ wa. Mo ṣe àmín tó lágbára!

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan ò tó. A fẹ́ kí kálukú mọ ibi tí omi lè dé nílé tirẹ̀. La bá gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, à ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, à ń fa ìlà sára ògiri níbi tí omi ọdún tó kọjá dé. Ọ̀dà wo la lò? Pupa!

Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ̀yin ará Èkó, ta ni kò mọ ohun tí ọ̀dà pupa lára ògiri túmọ̀ sí? Ká tó dé ojúlé tó kẹ́yìn, ariwo ti sọ: "Ìjọba ti wá máàkì ilé! Wọ́n fẹ́ wó wa!" Obìnrin kan ti ń di ẹrù. Ẹnì kan di Kúnlé mú lọ́rùn ẹ̀wù, ó ní kó sọ ọ́fíìsì tó rán an níṣẹ́. Ìyá Ìjọ ló sáré jáde nínú sùtánà, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń pariwo pé ọmọ wa ni wọ́n jàre, omi ni wọ́n ń wọ̀n! Ara àwọn èèyàn wálẹ̀. A bẹ̀ wọ́n, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó tán síbẹ̀.

Kò tán o. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yé àwọn onílé tán ni ìbínú gidi bẹ̀rẹ̀! Onílé tiwa ló ṣe agbẹnusọ wọn. Dádì là ń pè é. (Ẹ má bínú pé mò ń pe àgbàlagbà ní "ó", inú ló ń bí mi.) Ó pè mí síwájú ilé, ó ní ta ló máa wá gba yàrá nílé tí ìlà omi wà ní ìbàdí ògiri. Ó ní mò ń ba ọjà òun jẹ́. Ó ní kí n pa á rẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí èmi àti ìyá mi máa wá ilé.

Ṣé ẹ gbọ́? Kò sọ pé ìlà yẹn purọ́ o. Òótọ́ tó ń sọ ló ń bí i nínú! Mo kúnlẹ̀, torí wọ́n kọ́ mi nílé, mo ní: "Dádì, ẹ má bínú, mi ò ní lè pa á rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbé níbí lè ní ọmọ kékeré. Ẹ jẹ́ kó mọ ibi tó máa tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí."

Ó ní ṣé èmi ni mo bí òun ni? Lọ́jọ́ kejì, ó mú pẹ́ńtà wá, ó fi ọ̀dà funfun bo ìlà wa mọ́lẹ̀.

Màámi ńkọ́? Hẹ̀n-ẹ́n! Èmi ni wọ́n dojú ìjà kọ. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn máa sùn síta lọ́jọ́ alẹ́ ni? Wọ́n ní kéèyàn tó máa bá onílé jà, kó kọ́kọ́ ní ilé tirẹ̀. Ó dùn mí, mo sunkún, torí wọn ò purọ́. Níbo la ti fẹ́ rí ilé tí agbára wa ká ní Alímọ̀ṣọ́ yìí? Síbẹ̀, mi ò lọ bẹ Dádì. Mo kọ̀ jálẹ̀.

Ó ṣe, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí oòrùn ń ràn lọ́dọ̀ wa, fóònù mi dún. Ti Kúnlé náà dún. Kánáàlì ń kún! Òjò tó ń rọ̀ lápá òkè ló ń ṣàn bọ̀. Mo figbe ta, àwọn kan ní ṣé orí mi ti dàrú ni, òjò wo? Àfi bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kì í sì í ṣe àkókò ìsìn! Ìyá Ìjọ ló ti rí mẹ́sééjì, tí wọ́n ń lu agogo fún gbogbo ẹni tí kò ní fóònù. Kíá, àwọn èèyàn ń gbé ọmọ, wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n ń gbé àpò gàrí lọ sókè. Màámi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹ̀yìn wa ni omi dé, kò sì bá ẹnì kankan nílẹ̀.

Dádì náà tètè gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò. Ta ló kìlọ̀ fún un? Agogo yẹn náà ni! Mo rò pé á wá dúpẹ́. Nígbà tí omi fà, òun àti pẹ́ńtà ló jọ dé. Ó ní kí wọ́n fọ ẹrẹ̀ kúrò, kí wọ́n tún ògiri kùn, torí ẹnì kan ń bọ̀ wá wo yàrá ẹ̀gbẹ́ wa. Ó wò mí lójú, ó ní: "Tí mo bá tún rí ìlà kankan lára ilé mi, ẹ máa kó jáde."

Mo ti fẹ́ fèsì. Màámi fọwọ́ gbá mi lápá pé kí n dákẹ́, wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n máa jáde, agolo ọ̀dà pupa wà lọ́wọ́ wọn! Wọ́n rọra rìn débi ògiri, wọ́n fa ìlà yẹn fúnra wọn, láti igun dé igun. Wọ́n wá yíjú sí Dádì, wọ́n ní: "Ẹ wò ó, lọ́jọ́ tí omi dé ibí yìí, inú ẹ̀ ni mo wà, ẹ ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ká kó, a máa kó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ máa rí i kó tó sanwó."

Pẹ́ńtà gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní òun ń lọ. Dádì pòṣé títí ó fi dé ìdí mọ́tò.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìlà ṣì wà níbẹ̀. Kuìtì nótíìsì, ìwé pé ká kó jáde, ò tíì dé, ó lè dé lọ́la. Kó dé! Ohun tí mo kọ́ ni pé kẹ́ ẹ má dúró gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó dáàbò bo ìyá yín, torí omi ò ní gbàyè lọ́wọ́ yín kó tó wọlé.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ní kẹ́ ẹ pa òótọ́ mọ́lẹ̀ rí nítorí ọjà ẹnì kan? Kí lẹ ṣe? Ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tí omi dé lára ògiri yín. Ẹ má tijú. Onílé ló yẹ kí ojú tì!