Ààwẹ̀ Àtàndá Oníbúlọ́ọ̀kù

Ọjọ́ Ajé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Àtàndá gba ààwẹ̀. Kì í ṣe oṣù Ràmádáànì, kò sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ẹnì kankan. Ìtọ́ ẹnu ara rẹ̀ ló ń bá jà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ti po sìmẹ́ǹtì rí yóò mọ ohun tí mò ń wí. Kí ọkùnrin tó di ṣọ́bìrì mú, á kọ́kọ́ tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á fi wọ́n ra ara wọn, kí igi má baà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Àtàndá ṣe ń ṣe ní ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Lapaz lẹ́yìn odi, láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú, títí ìbàdí rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Dókítà ní bó bá tún gbé búlọ́ọ̀kù, arọ ni yóò dà. Ló bá lọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ṣàfíù tó ń tún fóònù ṣe ní Circle, Ṣàfíù tí òun fúnra rẹ̀ gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ! Ayé nìyẹn. Láràárọ̀ ni bàbá ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, láràárọ̀ ni ọ̀gá ń sá kúrò níwájú rẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá Fàdílátù, ẹ má kó bá mi!"

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọwọ́ kò tíì gbọ́ pé iṣẹ́ ti yí padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tú fóònù kọ́sítọ́mà kan sílẹ̀ gbayawu lórí tábìlì, Ṣàfíù sì ní kí Àtàndá mú ẹ̀mú kékeré. Kí ó tó mọ̀, "tù!", ó ti tutọ́ sọ́wọ́, ìtọ́ ti fọ́n sínú fóònù. Fóònù náà kò jí mọ́. Ojú ti Àtàndá débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Bàbá Fàdílátù, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ṣàfíù wí. "Ṣùgbọ́n bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ máa lọ sinmi nílé ni."

Sinmi nílé! Ta ní ń sinmi? Ọṣẹ tí Ojúọlá ìyàwó rẹ̀ ń tà lọ́jà Dansoman ni gbogbo ilé ń jẹ. Láti ọjọ́ náà ni Àtàndá ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi ti ìtọ́ mọ́nu. Ó fi pákò há ẹnu, ìtọ́ tún wá pọ̀ sí i. Ìgbà náà ló rò ó pé bí ẹnu bá gbẹ, kí ni yóò rí tu?

"Ààwẹ̀ Ọlọ́run ni àbí ààwẹ̀ fóònù?" Ojúọlá bi í nídìí sààrì.

"Ọlọ́run ló ni méjèèjì," Àtàndá dá a lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oòrùn mú dáadáa, Abena tó ń ta búrẹ́dì létí títì gbé fóònù rẹ̀ wá. Kò gba iná mọ́. Ṣàfíù wò ó, ó tì í síwájú Àtàndá.

"Ẹnu ṣájì rẹ̀ ló bàjẹ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí."

Òkú fóònù ló ti fi ń kọ́ṣẹ́ bọ̀, alààyè rèé! Ebi ń gbọ̀n ọ́n, ìbẹ̀rù ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀mú ń lu etí fóònù, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

"Dabi, rárá o!" Abena figbe kọ̀ ọ́ lédè àwọn onílùú, tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Alata. "Alata yìí máa pa fóònù mi! Nọ́ńbà gbogbo oníbàárà mi ló wà níbẹ̀!"

Ṣàfíù na ọwọ́ kó gba ẹ̀mú. Àtàndá jù ú sílẹ̀, àfi bí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe gbéra lọ sẹ́nu. Ó ń wò wọ́n, kò lè dá wọn dúró.

"Tù!"

Ṣàfíù fò dìde, ó fi ara bo fóònù. Kò sí nǹkan kan. Ẹnu Àtàndá ti gbẹ táútáú, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ ra àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ, ìró rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi yanrìn ha pákó. Ni gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró. Mo ní ó dáwọ́ dúró! Ó mú ẹ̀mú, ó yọ ẹnu ṣájì àtijọ́, ó fi iná yọ́ lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, ó fi tuntun sí i. Wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́, iná tàn. Abena já fóònù rẹ̀ gbà, ó dúpẹ́, ó ní "Medaase, Alata," ó bá tirẹ̀ lọ.

Ṣàfíù nu òógùn iwájú orí. "Ẹ máa bọ̀ lọ́la," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Nírọ̀lẹ́, Ojúọlá gbé omi àti kókó gbígbóná síwájú ọkọ rẹ̀ kó fi ṣínu. Ó gbọ́ ìtàn náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá Fàdílátù, ṣé bí ẹ óò ti máa gbààwẹ̀ nìyí? Títí dìgbà wo?"

Àtàndá gbé ife omi, kò tíì mu. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kejì.

"Títí ọwọ́ yìí á fi gbàgbé búlọ́ọ̀kù ni," ó wí. "Jọ̀ọ́, jí mi fún sààrì lọ́la."