Sàárè Ìta Ọgbà

Òórùn ìgbẹ́ àdán lókè àjà ọ́fíìsì mi tún bí mi nínú lónìí. Òórùn yẹn ló kún ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ n'Ísarà, lọ́sàn-án tí mo tẹ̀lé ìyá mi àgbà lọ ro koríko orí sàárè bàbá wọn, níta ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ikán ti jẹ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà tán. Oòrùn ń pa wá.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká sinmi nínú ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Wọn ò jẹ́ kí bàbá mi sùn síbẹ̀. Mi ò ní jókòó síbẹ̀.”

Mo rò pé olè ni bàbá náà.

Àṣé òun ló dá ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún sílẹ̀. Nítorí ìyàwó kejì tó fẹ́, tó bí ìyá mi àgbà, ni àlùfáà òyìnbó tó bá ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ kò fi jẹ́ kí wọ́n sin ín sínú ọgbà.

Inú oòrùn la wà. Àdán lásánlàsàn ló ń sùn lábẹ́ òrùlé tí bàbá wọn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.