Aago Tí Kò Dúró Rí Lọ́gbọ̀n Ọdún

Ohun méjì péré ló dá Bàbá Ìṣẹ́jú lójú láyé: pé aago kì í purọ́, àti pé òun àti ìyàwó òun, ìwà kan náà ni wọ́n jọ ń hù. Ní àárọ̀ Sátidé kan, kí ó tó di aago mọ́kànlá, méjèèjì ti dojú dé.

Aago ni ó ń tún ṣe. Èyí tó dúró, á jí i. Èyí tó ń sáré, á bá a wí. Èyí tó ń fà sẹ́yìn, á tì í síwájú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju ibi tí ènìyàn mẹ́ta lè dúró sí lọ, ṣùgbọ́n aago tó wà lára ògiri ibẹ̀ lé ní ogójì, bí gbogbo wọn bá sì dún pọ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán, ẹyẹ orí òrùlé á fò lọ sí àdúgbò kejì. Ẹni bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ẹyẹ náà. Aago mẹ́jọ géérégé ni ó ń ṣílẹ̀kùn, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ó ń tì í, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ó ń wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò fi ń mọ àsìkò. "Bàbá Ìṣẹ́jú ti kọjá o," ni wọn á wí, wọn á sì gbé omi ìrọ̀lẹ́ kaná.

Ìyàwó rẹ̀ ń po ìyẹ̀fun ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ra, kò sí oníbàárà tí kò tíì gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá àdéhùn, aago mẹ́rin ni wọ́n fi í sí. Aago mẹ́rin ń dún lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin náà yọ ní kọ̀rọ̀.

"Ìdún kẹrin kò tíì parí!" ni Bàbá Ìṣẹ́jú máa ń wí, á na ìka sókè. "Mo ní, tèmi rèé. Ìwà jọ ìwà ní ń jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá jọ ọ́, má fẹ́ ẹ. Ẹ ó kàn máa fa ara yín ya bí àkísà ni."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó fún un ní aago ọwọ́ kékeré kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò. Láti ọjọ́ náà, aago yìí kò dúró rí. Ọgbọ̀n ọdún gbáko! Bàbá Ìṣẹ́jú kò ṣí i wò rí, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ le kì í wá oníṣègùn lọ. Ó ní ọwọ́ tó ń wọ̀ ọ́ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ onísùúrù, ọwọ́ ẹni tó jọ òun.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, tó sì jọ bàbá rẹ̀ bí ẹni pé ó pọ̀ ọ́ sílẹ̀, wá sọ pé awakọ̀ tírélà kan ni òun fẹ́ fẹ́, Bàbá ní kó mú un wá ká wò ó. Aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dá. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni awakọ̀ dé, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti ìta, irú ẹ̀rín tó ń mú kí ife máa gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Bàbá, ẹ má bínú! Mo pẹ́, mo mọ̀ pé mo pẹ́. Táyà ló..."

"Padà wá ní Sátidé, aago mẹ́rin, kí o wá gbọ́ èsì mi," ni Bàbá Ìṣẹ́jú wí, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọmọ wọlé lọ sunkún. Kò jiyàn. Ó ní bí Bàbá òun bá kọ̀, òun kò ní fẹ́ awakọ̀ náà láìgba àṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn mọ́ láyé. Ìyá rẹ̀ gbìyànjú láti bá a bẹ̀bẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ fún ọmọkùnrin yẹn láyè. Ẹni méjì tí kò jọra náà ń gbé pọ̀."

"Níbo lo ti rí i? Wo èmi àtìwọ. Ọgbọ̀n ọdún, ṣé o pẹ́ dé ibì kankan rí?"

Obìnrin náà fa àkísà yọ. Ó ń nu tábìlì tó ti nù tẹ́lẹ̀. Bàbá Ìṣẹ́jú ti mọ ohun tí òun yóò sọ ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: rárá.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Ó lọ bọ́jú lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ló bá rí aago ìyàwó rẹ̀ lórí ike ọṣẹ. Ìyàwó ti jáde ní tirẹ̀. Aago náà dúró pa. Inú Bàbá dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé! Ó fi í sápò, ó ní kí òun tún un ṣe kí ìyàwó òun tó mọ̀ pé ó dúró.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi awò kékeré rẹ̀ há ojú, ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn aago náà. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ìyẹ̀fun tó dì sí etí rẹ̀ bí ìpin ojú. Ó yí ìdérí náà padà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú.

Àwọn tó ń tún aago ṣe ní àṣà kan. Ẹni tó bá ṣí aago, á fi abẹ́rẹ́ ha àmì tirẹ̀ sínú ìdérí ẹ̀yìn pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹni tí yóò ṣí i lẹ́yìn rẹ̀ lè mọ ẹni tó ti dé ibẹ̀. Ẹni tó ni aago kì í rí i láé. Àmì Bàbá Ìṣẹ́jú ni ìlà méjì tó dọ́gba. Àmì yìí nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀, ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ adìẹ ti yí i ká, ẹsẹ̀ adìẹ kéékèèké oníka mẹ́ta-mẹ́ta, àfi bí ẹni pé agbébọ̀ kan ti ń túlẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó kà wọ́n. Mẹ́tàlélógún. Ó nu awò rẹ̀, ó tún wọn kà. Mẹ́tàlélógún. Àkọ́kọ́ nínú wọn, oṣù mẹ́rin péré ló fi tẹ̀lé ìgbéyàwó. Ẹnu rẹ̀ yà, awò bọ́ lójú rẹ̀, ó yí wọ abẹ́ tábìlì, kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹni tó ń lo àmì ẹsẹ̀ adìẹ, ọ̀kan ṣoṣo ló wà nílùú: Aláriwo, tí òun àti rẹ̀ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, ọkùnrin tí kì í panu dé. Ọdún méjìdínlógún rèé tí wọn kò ti kí ara wọn. Kí ni ìyàwó òun ń wá lọ́dọ̀ Aláriwo, ìgbà mẹ́tàlélógún?

Ó ti ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni. Onígbàjámọ̀ òdìkejì jẹ́ kí kóòmù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Ìṣẹ́jú, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ó dáa, ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ̀rù má baà pa àwa náà!"

Ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ àsìkò rí i tó ń kọjá, wọ́n sì gbé omi ìrọ̀lẹ́ kaná láàárọ̀.

Aláriwo ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó wọlé tọ̀ ọ́. Ó rí aago náà, ó gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Háà! O ti ṣí i."

"Kí lo ń wá nínú aago ìyàwó mi?"

"Omi ni mo ń wá, mo sì ń rí i. Ìyẹ̀fun. Omi ọṣẹ. Lọ́dún kan, mo bá eèrà méjì níbẹ̀, tọkọtaya. Ìyàwó rẹ kì í wọ aago, ó ń bá a jà ni! Bí kò bá gbá a mọ́ ògiri níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, á ṣubú lé e lórí níbi tó ti ń sáré."

"Ìyàwó mi kì í sáré. Kí ló ń lé e?"

Aláriwo wò ó bí ẹni ń wo ọmọ jòjòló. "Ìwọ ni. Kó lè wọlé ṣáájú rẹ ni. Obìnrin yẹn kò tètè dé ibì kankan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Gbogbo ìlú ló mọ̀."

"Gbogbo ta?"

"Gbogbo ìlú, àyàfi ìwọ. Ó mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ọ. Èmi Aláriwo! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo pa mọ́ láyé mi nìyẹn, díẹ̀ ló kù kó bẹ́ mi níkùn."

Bàbá Ìṣẹ́jú wá ohun tí yóò dì mú. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ìyàwó rẹ̀ ń já lu ara wọn nínú orí rẹ̀. "Ẹ máa lọ ṣíwájú, màá tilẹ̀kùn." Gbogbo òde tí wọ́n ti jọ lọ, gbólóhùn yẹn náà ni! Àti àwọn ọmọ tó máa ń tò sójú fèrèsé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti ìgbà èwe wọn. Ó ti rò pé ìfẹ́ òun ló ń mú wọn dúró síbẹ̀. Alóre ni wọ́n, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀nà kí ìyá wọn lè gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ó kọrí sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì. Láti ìkóríta ni ó ti ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan, ẹ̀rín tó ń gbé ara rẹ̀ ṣubú bí ìkòkò lórí àtẹ̀gùn. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìyàwó ta lèyí, ọkọ rẹ̀ mà ń rí nǹkan o. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ìyàwó tirẹ̀ ni. Ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀, ó gbá àyà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Ìṣẹ́jú di ìgànná mú. Ọgbọ̀n ọdún, kò gbọ́ ohùn yìí rí.

Obìnrin náà rí i, ó rí aago lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín gé. Ó jáde wá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyẹ̀fun.

"O purọ́ fún mi."

"Ẹ̀yin lẹ pa irọ́ náà fún ara yín. Èmi kàn bá yín rù ú ni."

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ìdún kẹrin kò tíì parí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó bá yín jíṣẹ́ àdéhùn náà fún mi ló tàn mí. Ó mọ̀ mí, ó ní aago mẹ́ta lẹ sọ. Mo ti pẹ́ wákàtí kan lójú ara mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń sáré bọ̀ wá bẹ̀. Kí n tó lanu, ẹ ti ń yìn mí."

Bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí i lórí. Ìtàn tó ti fi ń kọ́ gbogbo ayé lọ́gbọ́n!

"Kí ló wá dé tí o fẹ́ mi, tó o mọ̀ pé a ò jọra?"

"Tìtorí bẹ́ẹ̀ náà ni. Nílé tiwa, gbogbo wa là ń pẹ́, kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan. Mo wá rí ọkùnrin tó dúró dè mí ní wákàtí kan gbáko, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí n tó mọ̀ pé ẹ ò dúró rárá, ọkàn mi ti lọ." Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa sáré. Ọmọkùnrin yẹn pẹ́, ó sì sọ lójú yín pé òun pẹ́. Èmi ò láyà bẹ́ẹ̀ rí."

Bàbá Ìṣẹ́jú yí padà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó fọ aago náà, ó tò ó. Nígbà tó kan àtiha àmì, ó ha ìlà méjì rẹ̀. Ìlà kejì kò dọ́gba mọ́ èkíní.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wẹ̀ jáde nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, aṣọ ìnura ní ìbàdí. Awakọ̀ ni.

"Kí lo wá ṣe níbí báyìí?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Láti aago méjì ni mo ti wà lẹ́yìn ọgbà."

Kò sẹ́ni tó ká Bàbá Ìṣẹ́jú mọ́ láìmúra rí. "Jókòó," ni ó wí, ó di aṣọ ìnura mú.

Aago mẹ́rin dún. Ìyá kò tíì dé. Àbíkẹ́yìn dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ojú fèrèsé.

"Kúrò níbẹ̀," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kó pẹ́."

Ọmọ yíjú padà, ẹnu rẹ̀ yà. Bàbá Ìṣẹ́jú nàka sí awakọ̀. "Eléyìí yóò máa pẹ́ o, kí a má tan ara wa. Ṣé wàá lè máa dúró dè é?"

"Ọdún méjì ni mo ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé, Bàbá. Mo máa ń kàwé ni," ni ọmọ dáhùn.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu awakọ̀, ife gbọ̀n nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó yára gbé e mì.

"Rẹ́rìn-ín," ni Bàbá wí. "Ìyá rẹ̀ ń rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi gan-an, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ."

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ níta. Kò sáré. Kò gba ẹ̀yìnkùlé. Ìyá wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí, ó dúró sáàárín ilé.

"Mo pẹ́," ni ó wí.

"Mo mọ̀," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Ó na ọwọ́, ó so aago náà mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí awakọ̀.

"Ìyá ọmọ ti dé wàyí. Sọ ohun tó gbé ọ wá, ká jọ gbọ́ ọ. Má kánjú."