Ìgò Kékeré Tí A Gbé Lọ sí Ìsẹ́yìn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ rárá ní Ṣakí nígbà tí mo yọjú sí yàrá Ṣadé, ọmọọmọ mi, láti jí i. Ó ti jí. Ó ti wọṣọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, báàgì rẹ̀ wà lórí itan.

Mo ní, "Ìwọ tí mo máa ń da omi sí lára kó o tó dìde?"

Ó ní, "Ìyá àgbà, mi ò sùn ni."

Mo bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó fi ẹnu kàn án, ó gbé e sílẹ̀. Mo mu tèmi, mo sì mu tirẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà tiwa yìí kì í gbé ikùn òfìfo jáde nílé.

Kí ẹ lè mọ ohun tó gbé wa dìde, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Láti kékeré ni Ṣadé ti ń wí pé dókítà lòun máa ṣe. Àwọn ará àdúgbò gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ kò tíì mọ ìwé kà já gaara tí wọ́n fi yí orúkọ mi padà. Wọn kì í pè mí ní Ìyá Àkàndé mọ́, Ìyá Dókítà ni. Èmi náà ń dáhùn. Ìgbà míì, màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè.

Ìdánwò àtiwọ yunifásítì dé, máàkì rẹ̀ kò tó ti dókítà. Ó tún un ṣe, kò tún tó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé àyè wà fún un, àmọ́ kì í ṣe ti dókítà. Kó mú ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta, kó kọ́ ọ yanjú ná. Bó bá yege dáadáa, kó wá fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá àyè sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ dókítà. Kó sì tètè mú un, torí bí ọ̀sẹ̀ náà bá fi parí, ẹlòmíì ni wọn yóò fún.

Ẹnu yà mí. Èmi rò pé bíi ti télọ̀ ni, kéèyàn lọ bá ọ̀gá, kó kọ́ iṣẹ́ tó wá kọ́. Ta ló ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ?

Àkàndé ọmọ mi, bàbá Ṣadé, tó ń ṣe tíṣà ní Òkèhò, sọ lórí fóònù pé Anátómì ni kí ọmọ mú. Anátómì ni ẹ̀kọ́ bí inú ara èèyàn ṣe rí, òkú ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ìkejì ni Bayokẹ́mísìrì, ìyẹn ohun tí oúnjẹ àti oògùn ń ṣe nínú ara. Ìkẹta ni Súọ́lójì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti kòkòrò. Àkàndé ní Anátómì ló sún mọ́ dókítà jù. Ó ń pariwo lórí fóònù, Ṣadé ń wo ilẹ̀. Ìgbà tó sú Àkàndé ló ní, "Màámi, ọmọ kan wà tí mo kọ́ níwèé rí, Múfútáù. Ó ti di dókítà. Ó gba ìsinmi, ó wà nílé bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ẹ mú un lọ bá a. Bóyá yóò gbọ́ tirẹ̀."

Bí a ṣe wọ ọkọ̀ nìyẹn. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa fún àlọ nìkan, mo fi lọ mo fi bọ̀ rí, oúnjẹ ọ̀nà sì wà nínú rẹ̀. Dírẹ́bà ní epo ló fà á. Mo ní ṣé epo náà ló ní kó kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀ ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, ẹ bọ́ síwájú, ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò."

Òjò ti rọ̀. Koríko ti yọ ní gbogbo pápá, àwọn igi ẹ̀mí tí a fi èso rẹ̀ ń ṣe òrí dúró lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ebè iṣu sì lọ títí dé ẹ̀yìn àpáta. Ibi tí ọ̀nà ti dára, ó dára. Ibi tí kò ti dára, dírẹ́bà ń já sínú igbó, ó ń padà sí títì bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́.

Nígbà tí a kọjá Àgọ́-Àrẹ, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò dá wa dúró, torí ọ̀nà bodè ni ọ̀nà tiwa. Ọ̀kan nínú wọn ní kí Ṣadé ṣí báàgì. Ó yẹ aṣọ wò, ó yẹ ìwé wò, ló bá fa ìgò kékeré kan yọ. Ìgò lọ́fínńdà mi ni! Èyí tí mo ti wá tì. Omi ló wà nínú rẹ̀, àwọn nǹkan dúdú wínníwínní sì rì sísàlẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Kí lèyí?"

Ṣadé ní, "Amùkùrù ni, sà."

Amùkùrù ni eṣinṣin kékeré etí odò tí ń jẹni bí abẹ́rẹ́, tí ojú ibẹ̀ yóò wú, tí yóò máa yúnni. Ọkùnrin náà wo ìgò, ó wo èmi. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ṣakí! Ẹ gbé ìrẹsì kọjá, ẹ gbé epo kọjá, ó wá kan eṣinṣin?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bojú wẹ̀yìn, mo ní, "Ṣadé, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ fara balẹ̀, màá sọ fún yín." Báwo ni màá ṣe fara balẹ̀? Ọmọ tí kò sùn, tí kò jẹun, tó ń kó òkú eṣinṣin sínú ìgò! Mo ní àbí àìríbi-wọlé yìí ti kó sí ọmọ yìí lórí? Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà lábẹ́lẹ̀.

Àdúrà yẹn ni mo ṣì ń gbà lọ́wọ́ tí èéfín fi sọ níwájú ọkọ̀ ní Tẹ̀dé. Dírẹ́bà ní omi ẹ̀rọ ti gbẹ, ọpọ́n rẹ̀ sì ti là. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, kò jáde. Obìnrin kan tó ń dín wàrà lábẹ́ igi sún àpótí fún mi. Ó bu iṣu sísè, ó kó wàrà díndín lé e lórí, ó ta ata sí i. Fúlàní kan jókòó tì í, ó ń ta fùrá dà nọ́nọ̀, èyí tí í ṣe ọkà jéró tí wọ́n gún, tí wọ́n pò mọ́ wàrà kíkan. Ní ọ̀dọ̀ wa, tútù la máa ń jẹ wàrà tàbí ká sè é lọ́bẹ̀. Èyí tí obìnrin yìí dín, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ró wọ̀ọ̀ lẹ́nu. Nígbà tí a máa fi mọ ara wa tán, ó hàn pé ìdílé ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ṣadé pàápàá jẹun. Dírẹ́bà ní ká máa bọ̀, mo sì ní, "Ṣé ó ti tán ni?" bí ẹni pé èmi kọ́ ni mò ń lọ ibì kan.

A dé Ìsẹ́yìn nígbà tí oòrùn ti ga. Ẹni tí kò bá dé ìlú náà rí, kó má ya ilé èèyàn láìwo ilẹ̀. Òwú ni wọ́n nà láti iwájú òfì lọ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi òkúta fà á. Ọkùnrin ló pọ̀ jù lórí òfì, ìró rẹ̀ sì ń dún láti agboolé dé agboolé. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Màmá! Ẹ dákun, ẹ má tẹ̀ ẹ́!"

Ọkùnrin kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí òfì, tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé, fọ́nrán òwú wà lórí irun rẹ̀. Mo yí ẹsẹ̀ padà. Mo ní, "O káre, ọmọ mi. Bá mi sáré wọlé, kó o sọ fún dókítà pé àlejò rẹ̀ láti Ṣakí ti dé. Kó o sì wọ aṣọ, ọmọbìnrin wà níbí."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí erùpẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá tíṣà mi. Èmi ni Múfútáù."

Mo ní, "Múfútáù wo?"

"Dókítà, mà."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o! Dókítà ló ń hunṣọ?"

Bàbá rẹ̀ tó jókòó sórí òfì kejì dá mi lóhùn pé, "Ẹ bá mi bi í o. Wíwọ́ ló sì ń hun ún. Aláìsàn rẹ̀ ni mò ń káàánú."

Wọ́n fún wa ní omi, wọ́n tẹ́ ẹní. Múfútáù wọ ẹ̀wù, ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó gbọ́ ohun gbogbo. Mo ní, "Àkàndé ní Anátómì ló sún mọ́ ọn jù."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìdí tí èmi náà fi mú un nìyẹn, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Èmi kò kọ́kọ́ ríbi kọ́ dókítà. Mo mú Anátómì torí orúkọ rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ń bá mi débi oúnjẹ. Tipátipá ni mo fi parí ẹ̀, èsì mi kò sì dára. Nígbà tí mo wá àyè dókítà, wọn kò dá mi lóhùn. Orí òfì yìí ni mo padà sí. Aṣọ ni mo fi jẹun títí mo fi tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀."

Mo wo bàbá rẹ̀, ó mi orí pé òótọ́ ni. Mo ní, "Tóò, èwo ni kí ọmọ mi mú?"

"Wọn kò ní wo orúkọ ẹ̀kọ́, mà. Bó ṣe yege sí ni wọ́n máa wò. Èèyàn kì í sì í yege nínú ohun tó kórìíra." Ó yíjú sí Ṣadé. "Ọ̀pọ̀ ló ń wá àyè yẹn tí kò rí i. Bí ọkọ̀ tẹ́ ẹ wọ̀ lónìí bá kú sójú ọ̀nà, tí kò gbéra mọ́ láé, nínú àwọn ìlú tẹ́ ẹ kọjá, èwo lo lè máa gbé?"

"Tẹ̀dé," ni mo wí. Kì í ṣe èmi ló bi, ṣùgbọ́n ó ti já lẹ́nu mi.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣadé kò rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó gbé ìgò lọ́fínńdà mi kalẹ̀ sórí ẹní.

"Súọ́lójì," ló wí. "Etí odò Òfìkì ni mo ti mú wọn, níbi oko bàbá àgbà."

Mo ní, "Kòkòrò? Ṣadé! Kòkòrò lo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì?"

"Ìyá àgbà, èmi ni mo máa ń di ọ̀pá bàbá àgbà mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa ń sọ pé ọjọ́ ogbó ló fọ́ wọn lójú. Bàbá kò tíì darúgbó nígbà náà. Àwọn wọ̀nyí ló ń fọ́jú àwọn àgbẹ̀ etí odò."

Mo wo Múfútáù. Ó ní, "Òótọ́ ni, mà. Aràn tó wà lára ẹnì kan ni wọ́n ń gbé dé ara ẹlòmíì, ó sì ń dé ojú. Oògùn rẹ̀ wà, àmọ́ ó yẹ kéèyàn tètè lò ó."

Ọkọ mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí tó fi re ọ̀run, ó ń fi etí mọ ẹni tó wọlé. Eṣinṣin! Ohun tí mò ń fi ìrù ẹṣin lé lára rẹ̀, tí mò ń bú lásán.

Múfútáù rọra bi í pé, "Ṣé dókítà ojú lo fẹ́ ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí wọn ò bá sì gbà mí, ẹni tó mọ amùkùrù yóò ṣì wúlò létí Òfìkì."

Ọkọ̀ mìíràn la wọ̀ padà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò yanjú àfi nígbà tí a dé Tẹ̀dé. Àkàndé pè, ó pariwo. Mo ní, "Ìwọ lo ní kí n mú un lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti sọ̀rọ̀." Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, mo sì na fóònù Ṣadé sí i. Ó tẹ Súọ́lójì. Ó tẹ̀ ẹ́ tán kó tó rántí láti mí.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a dé ilé. Ìyá Ràfíù, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, kígbe láti ìdí ààrò: "Ìyá Dókítà, ẹ káàbọ̀ o! Èwo lẹ mú bọ̀?"

"Amùkùrù," ni mo wí.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Kí lẹ wí?"

"Amùkùrù lọmọ fẹ́ lọ kọ́. Ẹ padà máa pè mí ní Ìyá Àkàndé ná. Ọ̀nà dókítà ṣì jìn. Bó bá débẹ̀, ẹ óò gbọ́."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu lílà. Ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi ni pé ibi tó ń lọ nìkan kọ́ ni ká máa bi ọmọ. Ká bi í pé ibo ló lè gbé lójú ọ̀nà. Ọ̀pá Bàbá Àkàndé ṣì fara ti igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbé ìgò náà sídìí rẹ̀, mo wò ó títí. Ìgò náà ti kéré jù. Mo wọ inú ilé ìdáná, mo da epo inú ìgò ńlá kan sí kèrègbè, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sì dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ fún Ṣadé.