Oògùn Ẹ̀wà

Títí di òní, bí mo bá wọ àgbàlá tí wọ́n ti ń sin adìẹ tí n kò gbọ́ ohùn wọn, orí mi máa ń wú. Mowe ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo háyà yàrá kan lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Onílé. Ibafo ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé. Mo gbọ́ gírámà nígbà náà o! Bí wọ́n bá ní kí n kọ "ẹ jọ̀wọ́", n ó wá gbólóhùn tí yóò gbé e mì.

Bàbá kan mú iṣẹ́ wá láti Ifọ̀. Májèlé tí wọ́n fi ń lé kòkòrò nínú àpò ẹ̀wà ló ń dì sínú ọ̀rá kéékèèké tà. "Bá mi kọ ọ́ pé májèlé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́." Èmi rò ó pé, ta ni yóò ra ohun tí wọ́n kọ májèlé sí lára? Mo kọ OÒGÙN Ẹ̀WÀ gàdàgbà. Ìkìlọ̀ rẹ̀, mo fi gẹ̀ẹ́sì líle kọ ọ́ wínníwínní sísàlẹ̀.

"Ṣé ó wà níbẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Gírámà ló gbé e pọ̀n."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé. Adìẹ Ìyá Onílé kì í jẹ́ kí ènìyàn wọlé ní àlàáfíà, àmọ́ lọ́jọ́ náà, kẹ́kẹ́ pa. Mo yí sẹ́yìnkùlé. Gbogbo wọn ló nà sílẹ̀ yí àdògán ká, ojú wọn là sílẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ìyẹ́ kan tó já. Ìkòkò ẹ̀wà nìkan ló ń dún lórí iná. Mo pe Ìyá Onílé, kò dáhùn. Mo tún pè é.

Ó jáde láti yàrá rẹ̀, ó ń fọwọ́ ti ògiri, òógùn bò ó lójú. "Ẹ̀wà ọ̀hún ló kọ̀ tí kò jinná," ló wí jẹ́jẹ́. "Kán-ún ti tán nílé, ni mo bá ra oògùn ẹ̀wà sí i. Mo bu díẹ̀ fún adìẹ, mo sì tọ́ ọ wò." Ó na ọ̀rá rẹ̀ sí mi. Lẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi yàn ni. "Mo kà á dáadáa kí n tó lò ó."

Yéè! Ìyá tó ń ka Bíbélì Yorùbá láràárọ̀! Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, yóò di odindi. Tèmi ti dénú Ìyá Onílé.

Mo gbé e pọ̀n dé títì, ọlọ́kadà kan gbé wa dé ọsibítù. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Mo sáré lọ bá bàbá ní Ifọ̀, ó sì kó gbogbo ọjà náà nílẹ̀. Èyí tí a tún tẹ̀, ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an ni mo kọ, mo sì fi díẹ̀ kún un: MÁJÈLÉ KÒKÒRÒ NI. Ẹ MÁ JẸ Ẹ́. Ẹ MÁ FI SE OÚNJẸ. Mo rò pé ọjà rẹ̀ yóò kú ni, àfi bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ti Ọbáfẹ́mi àti Owódé wá béèrè èyí tí òótọ́ wà lára rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Onílé lajú, ó di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ lo gbà mí sílẹ̀, ọmọ mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣalábàápàdé ẹni tó kọ ìwé yẹn láyé rẹ." Mo ní àmín.

Ìyá ti darúgbó kú báyìí, n kò sì lè sọ fún un títí ó fi lọ. Iṣẹ́ ìwé náà ni mo ṣì ń ṣe, ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ sì ti rọrùn. Àmọ́ láàárọ̀, kí n tó tan kọ̀ǹpútà, mo máa ń rí ẹni tó kọ ìwé yẹn nínú dígí dúdú rẹ̀, ó ń wò mí.